Ọkọ̀ Tí Kì í Jí fún Àsùbáà

Wọ́n ní onínúfùfù ni mí. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nígbà ogójì láàárọ̀ ọyẹ́, kí ọkọ̀ náà sì máa wò ó bí ewúrẹ́ tó ti yó. Ṣé kí èèyàn máa rẹ́rìn-ín ni? Mo bínú, ó sì tọ́ kí inú bí mi. Ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀ tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ sọ ni mo fẹ́ sọ yìí, torí ó ti pẹ́, àwọn tí ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ sì ti ń dín kù.

Nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn òyìnbó ò tíì pẹ́ púpọ̀ nílùú. Àwọn ọkọ̀ tó wà ní Ìlọrin kò ju èyí tí ọmọ kékeré lè fi ìka kà lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni tèmi. Lọ́rì kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí àtẹ, àga gbọọrọ kan ṣoṣo ló wà níwájú. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú wọn ló lò ó gbó kó tó tà á. Nígbà tó fi máa dé ọwọ́ mi, ojú kan ti fọ́ nínú iná iwájú rẹ̀ méjèèjì, hóònù rẹ̀ sì ń ké bíi pẹ́pẹ́yẹ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Síbẹ̀, bí mo bá ń gbé e bọ̀ láti Ìpàtá lọ sí Ọjà-Ọba, àwọn èèyàn á dìde dúró. Mo ń kó ọkà, mo ń kó èlùbọ́, mo ń kó ìkòkò, mo ń kó ewúrẹ́ tó ń jẹ èlùbọ́ náà lójú ọ̀nà. Awakọ̀ ni mí, mo sì mọ̀ pé awakọ̀ ni mí. Fìlà mi kì í dúró gúngún lórí nígbà yẹn.

Ọkọ̀ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí. Irin kan wà tí a ń kì bọ̀ ọ́ nímú, òun la ó fi máa yí ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi dáhùn. Táǹkì bẹntiróòlù wà lábẹ́ ibi tí mo ń jókòó sí. Bí mo bá fẹ́ mọ bí epo ṣe kù sí, mo ní láti gbé tìmùtìmù kúrò, kí n ṣí ọmọrí táǹkì, kí n ki igi bọ̀ ọ́ kí n wo ibi tó tutù dé. Ihò kan wà lórí ọmọrí yẹn, kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ẹ fi ihò náà sọ́kàn.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí wọ̀ mí lára dé egungun ni pé mo ní àfẹ́sọ́nà. Àáfà ni bàbá rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú níwájú ilé, mọ́sálásí àdúgbò wọn sì dojú kọ ilé náà gan-an. Nígbà yẹn, ọmọbìnrin tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin kan kì í bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọn ó fi so yìgì. Bó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán lójú òde, á fi ìborùn bojú, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Bí mo bá lọ kí bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà nìkan ni mo máa ń rí lábẹ́ aṣọ ìkélé tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn ju ẹsẹ̀ ara mi lọ. Wọ́n ti fi yìgì wa sí Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́, mo sì ń ka ọjọ́ bí ọmọ tó ń dúró de ọdún iléyá.

Ìyá Fúlàní kan wà tó ń ta wàrà, àárọ̀ àárọ̀ ló máa ń bá mi wọkọ̀ wọ ìlú. Ẹ̀gbẹ́ mi níwájú ló ń jókòó sí, á gbé igbá wàrà lé itan. Lọ́jọ́ kan ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, wàrà mi ń rùn bí àtùpà. Ilé Àáfà gan-an ti ń ráhùn."

Ilé Àáfà kẹ̀! Ilé àna mi! Ojú tì mí débi pé mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé tìmùtìmù, mo sì rí i pé bí ọkọ̀ bá ti ko gbágungbàgun, epo ń ta jáde lójú ihò kékeré yẹn. Mo wá ìda oyin, irú èyí tí àwọn aránbàtà fi ń pa okùn, mo rọ́ ọ sínú ihò, mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dí pa. Òórùn dúró. Ó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sọ ọ́ káàkiri ọjà pé, "Òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ yìí, èmi ni mo parí rẹ̀."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ kọ̀, kò jí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń múra láti pa òwe Sókótó àti ṣòkòtò fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Mo ti gbọ́ ọ tó. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ náà kọ̀ pátápátá ni, bóyá ǹ bá ti ronú. Àmọ́ ẹ wo ìwàkíwà rẹ̀: láàárọ̀ kùtù, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, kò ní dáhùn. Mo lè yí i títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn bá ti mú, mo á kàn yí i lẹ́ẹ̀kan, á ní gbùrùrù, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bí àìsàn bá ń wá tó ń lọ báyìí, ta ni yóò gbà pé ó ń ṣe ẹ? Mo á pe èèyàn wá wò ó, á dé lọ́sàn-án, ọkọ̀ á jí lójú ẹ̀, ẹni náà á wá máa wo èmi.

Alágbẹ̀dẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa ló kọ́kọ́ dá sí i. Ó dé láàárọ̀ gan-an, ó ní kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá epo wà nínú rẹ̀. Mo ṣí táǹkì, mo ki igi bọ̀ ọ́, epo wà. Mo dé e padà. Alágbẹ̀dẹ wá yọ òòlù, ó fi gbá ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà mẹ́ta, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbá ọmọ tó ń wúkọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Yí i." Mo yí i. Gbùrùrù!

Ó ní, "Òòlù ló ń wá."

Mo lọ ra òòlù kékeré. Lọ́jọ́ kejì mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹfà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di agogo. Kò dáhùn.

Ìyá mi ní, "Òtútù ló ń mú un. Ìwọ náà kì í jí tí òtútù bá ń mú ẹ." Ó mú aṣọ òfì rẹ̀ kan tó ti gbó, ó fi bo ọkọ̀ láti imú dé ìdí lálẹ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo da gálọ́ọ̀nù epo kan sínú táǹkì, mo ṣí aṣọ kúrò, mo yí i, ó jí. Ìyá mi sọ ọ́ ní gbogbo agboolé. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ mi ti ń sùn pẹ̀lú aṣọ, tí adìẹ kan sì wá ń yé ẹyin sábẹ́ aṣọ náà, lórí ẹ́ńjìnnì. Wàláhì, ẹyin mẹ́rin ni mo kó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ kò jí. Ìyá mi ní kí n má kanra, pé ọwọ́ mi ò ṣófo.

Bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò wá kọjá, ó dúró, ó fi ọ̀pá wọn ilẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ yìí kẹ́yìn sí gábàsì. Báwo ló ṣe fẹ́ rí àánú?" Èèyàn mẹ́fà ló bá mi tì í yí po kó lè kọjú sí gábàsì bí ẹni tó fẹ́ kírun. Kí n tó yí i, mo ṣí táǹkì kí n mọ bí epo ṣe kù sí. Ó jí! Kò tilẹ̀ ya bàbá náà lẹ́nu. Ó ń bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ ò rí i bí orí mi ṣe dí tó? Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá jí láàárọ̀, mo ti ṣí táǹkì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọrí. Bó bá jẹ́ pé mo ṣe ohun kan ṣoṣo lójúmọ́, tí mo fi ìyókù sílẹ̀, ǹ bá ti mọ èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Rárá o. Ohun tí wọ́n bá ti sọ, mo gbà, mo fi kún un. Ó wá di pé bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, mo á fi ọṣẹ wẹ̀ fún ọkọ̀, mo á fi aṣọ nù ún gbẹ, mo á yí i sí gábàsì, mo á kó ẹyin, mo á lù ú lóòlù lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó tuntun gan-an kì í rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mo máa ń yẹ ìda oyin yẹn wò. Bí mo bá rí i pé ó ti rọ̀ díẹ̀, mo á fi òmíràn kún un, mo á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ṣe láìyẹsẹ̀ nìyẹn.

Ìyá oníwàrà tọ̀ mí wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà náà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó bá mi níbi tí mo ti ń yí irin, òógùn ń bọ́ lójú mi nínú ọyẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n rán mi sí ẹ. Ìda tí o fi sí ibi yẹn..."

Mo ní, "Ìyá, ṣé wàrà yín ṣì ń rùn ni?"

Ó ní, "Kò rùn mọ́, àmọ́ ìda..."

Mo ní, "Bí kò bá rùn mọ́, ẹ lọ máa tà á!"

Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò tíì la ẹnu tán tí mo fi jágbe mọ́ ọn. Ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó fi èdè Fúlàní sọ nǹkan kan sí ọkọ̀, kì í ṣe sí èmi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi tó wà nítòsí ní, "Ìbínú kì í da nǹkan fúnni." Mo ní mi ò bínú. Mo kígbe ẹ̀ ni.

Ṣé ẹ rí ọ̀tá mi? Ọkùnrin kan tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó obì ni. Ó ti níyàwó méjì nílé, ó sì ń wá ẹ̀kẹta ní ilé Àáfà kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún mi. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ kọjá níwájú mi, á sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni wá kí aláìsàn: "Ṣé kò tíì jí?" Òun ló dá orúkọ yẹn sílẹ̀ tó fi gba ọjà kan: Ọkọ̀ Tí Kì í Jí fún Àsùbáà. Ó ní ẹrù ń jọ ẹlẹ́rù, pé ohun tí olówó ọkọ̀ ń ṣe ni ọkọ̀ náà ń ṣe. Ọkọ̀ ń jí lọ́sàn-án, kì í jí láàárọ̀. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí kì í kírun Àsùbáà?

Ẹ gbọ́, bó bá jẹ́ irọ́ funfun ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí n má purọ́, Àsùbáà máa ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Ìyẹn ni inú fi ń bí mi tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àáfà. Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn wà lábẹ́ aṣọ ìkélé, kò mira.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo gbọ́ pé ọkọ̀ ẹ ń jẹ́rìí sí ẹ."

Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀tá ni."

Ó ní, "Ó dáa. Gbé e wá síwájú mọ́sálásí ní ìrọ̀lẹ́ Àlàrùba, kó sùn síbẹ̀. Tí a bá kírun Àsùbáà tán ní Àlàmísì, kó jí lójú gbogbo wa. Bó bá jí, yìgì yín ń bẹ ní Jímọ̀. Bí kò bá jí, obì ẹlòmíràn ti wà ní ìloro mi, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí gbogbo ọjà ń sọ pé kì í kírun."

Mo dìde. Mo ti fẹ́ràn ọmọ yẹn láti ìgbà tí a ti jọ ń pọnmi lódò kan náà, kí wọ́n tó ní kó máa bojú fún mi. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi pé ọkọ̀ ni yóò fọwọ́ sí ìgbéyàwó mi.

Àárọ̀ Àlàmísì yẹn, mo tètè dé ibẹ̀ ju gbogbo èèyàn lọ. Ìyá mi bá mi gbé omi. Mo fi ọṣẹ wẹ̀ fún ọkọ̀, ọwọ́ mi kú tipiri. Alágbẹ̀dẹ náà wá, ó ní òun ò lè jẹ́ kí òòlù òun dójú tì mí. A tì í, a yí i, kò tọ́ sí gábàsì dáadáa, bàbá onígábàsì yẹn ń darí wa: "Ọ̀tún díẹ̀. Ó pọ̀jù. Òsì díẹ̀." Wọ́n pe ìrun, àwọn yòókù sáré wọlé. Mo ní mò ń bọ̀, kí n kàn nu iwájú rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí mo máa gbé orí sókè, àwọn èèyàn ti ń jáde láti mọ́sálásí, ojú ti mọ́ kedere, Àáfà sì ti dúró níwájú mi pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

Ó ní, "Bísímílà."

Mo yí irin. Kò sọ nǹkan kan. Mo tún yí i. Mo yí i lẹ́ẹ̀kẹwàá, ẹ̀ẹ̀kẹẹ̀dógún, mo bọ́ agbádá sọnù, mo yí i. Ọlóbì ti dé pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fọwọ́ pa ẹranko náà lórí. Mo tún fi agbára gbogbo yí i, irin náà ta padà, ó gbá mi lọ́wọ́, mo fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ omi tí mo fi wẹ ọkọ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà wá ké. Ìyẹn gan-an ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ń di ara wọn mú.

Mo ya wèrè. Mo ta ọkọ̀ nípàá, ó dùn mí lẹ́sẹ̀, mo tún ta á nípàá torí pé ó dùn mí. Mo sọ fìlà mọ́lẹ̀. Mo bú ọkọ̀, mo bú òyìnbó tó tà á, mo bú ẹni tó bí ẹni tó kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá sáyé.

Àáfà gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó! Iná ni ìbínú, omi la fi ń pa iná. Wọlé lọ ṣe àlùwàlá kí o tó tún la ẹnu. Lẹ́yìn náà, kí o wá tì í lọ sílé."

Mo wọlé. Ẹsẹ̀ yẹn wà lábẹ́ aṣọ ìkélé. Bùtá tánganran kan, kẹ́tù tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, ti wà lórí òkúta ìwẹsẹ̀, ó kún dẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́. Omi ṣe tó, tó, tó, ó dá. Mo mi bùtá, ó wúwo, omi wà nínú ẹ̀. Mo tún dà á. Ó ṣe tó, ó dá. Láhọ̀ọ́lá! Bùtá náà! Mo gbé e sójú, mo wá rí i pé ẹnìkan ti fi nǹkan yí ẹnu ọmọrí rẹ̀ ká, ó sì ti fi dí ihò kékeré orí rẹ̀. Mo fi èékánná ha á. Ìda oyin ni.

Mo pariwo, "Òmùgọ̀ wo ló fi ìda dí ihò bùtá? Tí atẹ́gùn ò bá wọlé, ibo ni omi máa gbà jáde? Ṣé ẹni náà ò ní ọpọlọ ni?"

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán báyìí, mo gbọ́ ara mi.

Mo yọ ìda yẹn. Bùtá mí, fíì, omi sì ya wálẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Fíì yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣí táǹkì ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó tètè fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo sáré jáde pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Mo fa tìmùtìmù sọnù, mo ṣí ọmọrí táǹkì: fíììì, bí ẹni tó ti di èémí mú láti àná. Mo fi ẹ̀gún ọsàn gún ìda náà jáde, mo dé ọmọrí padà, mo sáré lọ síwájú, mo yí irin lẹ́ẹ̀kan.

Gbùrùrùrù!

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fò sókè, ó sá lọ, obì fọ́n ká dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, ọlóbì ń sáré tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ké Àlááhù Akúbárù. Alágbẹ̀dẹ ń pariwo pé òòlù òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi ní aṣọ òun ni. Bàbá onígábàsì ní òun ti sọ ọ́ pé òsì díẹ̀. Àáfà wá fi tẹ̀sùbáà na ọkọ̀, ó ní, "Ẹ dákẹ́. Àlùwàlá ni. Kò ní àlùwàlá tẹ́lẹ̀, ó ṣe é, ọkọ̀ sì jí."

Ẹ wo wàhálà! Bí mo bá gbà, a jẹ́ pé òótọ́ ni ọlóbì sọ. Bí mi ò bá gbà, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣe ọkọ̀. Kí n yan aláìkírun ni, àbí kí n yan òmùgọ̀? Mo yan òmùgọ̀. Mo na ìda yẹn sí i.

Mo ní, "Bàbá, èyí ló dí ihò táǹkì. Atẹ́gùn ò wọlé, epo ò lè ṣàn. Bí oòrùn bá mú, á rọ̀, ọkọ̀ á jí. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, á le."

"Ta ló dí i?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń ṣọ́ ọ kó má baà tú?"

"Èmi náà ni."

Ẹ̀rín! Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Àáfà ò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àsùbáà ti òní ńkọ́? Mi ò rí ẹ nínú sàfù àwọn tó kírun."

Irọ́ wà lẹ́nu mi tó ti múra tán. Mo wo ọ̀nà ilé, mo rí ẹsẹ̀ yẹn lábẹ́ aṣọ, ìka rẹ̀ ká kò bíi ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Mi ò lè pa á.

Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ ni mo kọjú rẹ̀ sí gábàsì. Èmi fúnra mi ò kọjú sí i."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó ti tán fún mi. Lẹ́yìn náà irùngbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì rí i pé ẹ̀rín ló ń bá jà. Ó ní, "Ọwọ́ nìkan lo fọ̀. Padà lọ parí àlùwàlá ẹ, kí o wá san Àsùbáà rẹ. Jímọ̀ ni yìgì. Àmọ́ mọ́sálásí yìí ni o ó ti máa kírun láàárọ̀, níbi tí ojú mi yóò ti máa tó ẹ."

Mo kírun náà pẹ̀lú omijé lójú, ọkọ̀ ń ké lóde. Ẹ̀rù ń bà mí láti pa á.

Ó ti tó oṣù kan tí a ti ṣègbéyàwó kí n tó rántí bi ìyàwó mi. Ó ń ku èlùbọ́ lọ́wọ́. Mo ní, "Ta ló fi ìda dí bùtá bàbá yín?"

Kò gbójú sókè. "Ta ló fi dí ti ọkọ̀?"

Mo ní, "O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó ní, "Ọjọ́ tí ẹ ń fọ́nnu ẹ̀ lọ́jà ni ìyá oníwàrà ti sọ fún mi. Mo rán an sí yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lé e lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò lè bá yín sọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe? Mo gbé bùtá sórí òkúta kí wọ́n tó pe ìrun."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé màá wọlé?"

"Bàbá mi kì í rí ẹni tó ń bínú kó má rán an lọ ṣe àlùwàlá. Mo sì mọ̀ yín."

Mo fẹ́ bínú, mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó gbọn asẹ́ rẹ̀ nù. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Ó ní, "Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹ máa ní sùúrù, tí ẹ ò ní wọlé."